Ewé Ẹlẹ́ja Tí Bàbá Tóbi Gbà Tọ́jú

Bàbá Tóbi, aládùúgbò mi ní Akpakpa, ní Kútọnu, kì í ṣe ènìyàn búburú. Kì í jalè, kì í mutí yó, kì í sì í na ìyàwó. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé "mi ò mọ̀." Ó máa ń gbìyànjú. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ní "mi ò...", ọ̀fun rẹ̀ yóò há, ikọ́ yóò gbé e, nígbà tí ikọ́ náà bá sì fi máa lọ, ó ti mọ ohun tí wọ́n bi í.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ka ẹrù ní èbúté Kútọnu kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kì í dúró kí wọ́n ṣí kọ̀ntinà kí òun tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òórùn ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti tó òun. Bí àlejò bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀, yóò sì fi ọ̀nà àbùjá kún un. Ọkùnrin kan tó ń wá ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ekpè bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. A gbọ́ pé etí òkun ló bá ara rẹ̀, ó sì ti bá àwọn apẹja fa àwọ̀n fún bíi wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó rántí bi í pé ọmọ ta ni.

Èmi Yéwándé, tí mò ń ta ìwé àti gègé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, mo mọ àìsàn náà dáadáa. Ní ọjọ́ tí ọjà kò bá tà, mo máa ń pè é, mo máa ń bi í ní ohun tí kò ní ìdáhùn, mo máa ń gbádùn ara mi. Ẹ dárí jì mí.

Bàbá Tóbi ní ọmọkùnrin kan, Olúwatóbi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ekpè. Ọmọ tútù ni, kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló ti bá a sọ ìpín tirẹ̀ tán. Tóbi wá rí ìyàwó, Olúwabùkọ́lá, ọmọ dáadáa, ọmọ ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ìṣòro. Màdáàmù Marlène ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìran Àgùdà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, bó bá sì ti sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè máa lọ sílé.

Ọjọ́ tí a lọ kan ìlẹ̀kùn nílé wọn láti tọrọ ọmọ náà, ní òdìkejì afárá ọ̀sà, èmi náà bá wọn lọ. Àìná, ìyàwó Bàbá Tóbi, ló bẹ̀ mí. Ó ní kí n jókòó ti ọkọ òun, kí n máa wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni obìnrin náà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà kí wọn, kí ẹ sì máa rẹ́rìn-ín. Tóbi ni ẹ rò."

Ó kí wọn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí tí ó fi gbójú sókè rí ewé kan tí wọ́n gbé kọ́ sí àjà fàráńdà. Inú ìkòkò amọ̀ kékeré ló wà, okùn ewé mẹ́tàlélógún ló sì ń wọ́ sílẹ̀ láti inú ìkòkò náà, òmíràn gùn tó apá méjì. Àwọn ewé orí okùn yẹn sanra, omi kún inú wọn, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ní lẹbẹ kéékèèké, gẹ́lẹ́ bí ẹja ńlá inú òkun tó máa ń fò sókè lẹ́yìn ọkọ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ìwọ yóò ní agbo ẹja ló ń rékọjá.

Màdáàmù Marlène rí i pé a ń wò ó, ó sì béèrè bóyá a mọ̀ ọ́n. Mo mi orí pé rárá. Àìná mi orí, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ti pẹ́ jù. Ikọ́ ti dé.

"Èyí?" ni Bàbá Tóbi wí. "Ní Pobè, oko bàbá mi, ewé yìí là ń fi bọ́ ewúrẹ́."

Ẹnu ya Màdáàmù. Ó ní ọmọ àbúrò òun ló gbé e wá fún òun láti ìlú Faransé, pé ẹni tó tà á sọ pé kì í hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, pé irú ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú pàdé, ọ̀kan tó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀kan tó rí bí àbẹ́là, kí wọ́n tó bí èyí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá Tóbi dáhùn. "Bàbá mi ló ṣe alárinà wọn."

Omi tí mò ń mu gba ibòmíràn lọ. Tóbi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáàmù Marlène kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbọ́ àwáwí àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó wò ó láti orí awò ojú rẹ̀, ó ní ó dára, Ọlọ́run ló rán an sí òun. Òun ń lọ kí ọmọ-ọmọ òun tuntun lókè òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun máa lò, kò sì sí ẹni tó lè tọ́jú ewé náà nílé, gbogbo wọn ń fi omi pa á. Kí Bàbá Tóbi gbé e lọ. Bí òun bá dé, òun fúnra òun máa wá gbà á ní Akpakpa, ibẹ̀ náà ni àwọn yóò ti mú ọjọ́ ìdána.

"Ilé tó bá mú ewé mi wà láàyè," ló wí, "mo lè fi ọmọ mi síbẹ̀ kí n sì sùn."

Ó sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀. Bùkọ́lá tó mọ ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́, Tóbi náà sì mọ̀ pé ìyàwó òun ti wọ inú ìkòkò. Màdáàmù mú bébà kan wá tó kọ ìtọ́jú ewé náà sí: kí wọ́n má bomi rin ín àfi tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá ti gbẹ dé ìsàlẹ̀, kí ó rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kí oòrùn ọ̀sán gangan má pa á. Bàbá Tóbi ká bébà náà, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, wọn kì í júwe ọ̀nà ilé bàbá ẹni fún ni." Àìná di ojú.

Ó gbé ewé náà kọ́ sí iwájú ilé, lókè ìlẹ̀kùn, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ni Búrẹ́mọ̀ tó ń tún alùpùpù ṣe ní òdìkejì títì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọdá, ó sì béèrè ìbéèrè tó ba gbogbo nǹkan jẹ́: "Bàbá Tóbi, kí ni iṣẹ́ ewé yìí?"

Ẹ mọ bí a ti rí. Níbòmíràn, ènìyàn lè gbé ewé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ó dára lójú. Lọ́dọ̀ àwa Nàgó, ewé tí kò níṣẹ́ kò sí. Àgbàlagbà tó bá ní ewé nílé tí kò mọ ohun tó ń wò, àfi kí ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀. Ikọ́ gbé Bàbá Tóbi.

"Ìbàdí ni," ló wí. "Bí ìbàdí bá ń roni. Ẹ gún un, ẹ pò ó mọ́ àdí, ẹ fi pa á."

Búrẹ́mọ̀ tó ń tẹ̀ba sórí alùpùpù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló sọ eléyìí fún o! Lójú ẹsẹ̀ ló tọrọ. Ẹ sì tún mọ̀ pé a kì í fi ewé du ẹni tí ara ń ro. A kì í tà á fún un. Ẹni tó gbà á náà kì í dúpẹ́, torí ọpẹ́ máa ń ba oògùn jẹ́. Bàbá Tóbi já okùn kan fún un, Búrẹ́mọ̀ sì yí padà lọ láì sọ nǹkan kan. Ó dun Bàbá Tóbi lọ́nà méjì.

Èmi kò mọ̀ pé ìbàdí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Akpakpa. Aránṣọ dé, káfíńtà méjì dé, ìyá tó ń ta búrẹ́dì tó ti jókòó láti ọdún mẹ́wàá dé. Ọlọ́kọ̀ zémí kan, alùpùpù tó ń kó èrò, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí ìbàdí ara rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Òtítọ́ kò gbọdọ̀ kú sí mi nínú: èmi náà gba okùn kan. Jíjókòó ti ìwé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹwàá, okùn mẹ́sàn-án péré ló kù.

Àìná ní kí ó sọ fún àwọn ènìyàn pé òun kò mọ ewé náà rárá. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nìkan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọlé lọ, ó ronú, ó sì jáde pẹ̀lú èèwọ̀. Ó kéde níwájú ilé pé ewé náà kò ní jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ jà láàárín ọjọ́ méje. Bí oníjà bá fi pa ara, ìrora náà yóò di méjì. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní ìsọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti ka gbogbo ilé àdúgbò wò, kò sì rí tọkọtaya tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta gbé láì jà.

Ó gbàgbé ohun tí ìbàdí ríro lè mú ènìyàn ṣe. Ní ọjọ́ kejì, aránṣọ bá ìyàwó rẹ̀ fọ abọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí káfíńtà ń sọ pé "ìwọ lo jàre" fún aya rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àdúgbò wá dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ òkun láti ìdí ọjà mi, fáda wa sì bi mí bóyá àwọn kan ti kó lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tò síwájú ilé Bàbá Tóbi ní méjì-méjì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, ìgò àdí ní ọwọ́ kejì.

Ohun tó burú jù ni pé ewé náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá jà fún ọjọ́ méje yóò sùn, ẹni tó bá sì sùn, ìbàdí rẹ̀ yóò dẹ̀. Wọ́n lọ ròyìn rẹ̀ ní àdúgbò kejì.

Nígbà tí ó ku okùn méjì, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Bàbá Tóbi. Ó fẹ́ kí ewé náà tètè hù. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́, ó sì tún ń da omi tí Àìná fi fọ ẹja sí i, ó ní ẹja kì í kọ ìbátan. Àwọn ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ ìkòkò náà, wọ́n ń gbójú sókè. Ewé wá rọ̀, ó di bí omi, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ ló kù nínú ìkòkò, ológbò kan sì wà lórí ẹrẹ̀ náà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Màdáàmù dé. Tóbi ti Ekpè bọ̀, ó rí ìkòkò náà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá," ló wí, "kí ni kí n sọ fún Bùkọ́lá?"

Bàbá Tóbi wúkọ́. A dúró, a ń retí ìdáhùn. Kò sí nǹkan kan tó tẹ̀lé ikọ́ náà. Àánú ọmọ yẹn ṣe mí gidi, ojú sì tì mí, torí okùn kan wà nínú àdí nílé tèmi náà.

Bàbá Tóbi lọ bá Àbídéènì tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà Pọ̀tọ̀-Nóvò. Àbídéènì ní òun kò rí irú rẹ̀ rí àfi nínú fóònù. Ó ṣàlàyé fún un pé irú ewé bẹ́ẹ̀ ti ru omi tirẹ̀ sínú, pé ìgbàgbé ló ń jẹ́ kí ó yè. Ibi tí Bàbá Tóbi ti ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ló ti kọjá níwájú àtẹ aláta. Ata tútù tí kò tíì pọ́n ló wà níbẹ̀, wínníwínní, ó tẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, igi rẹ̀ sì dà bí ìrù. Ó ra abọ́ méjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú sín ata ní ẹ̀yìnkùlé. Okùn mẹ́tàlélógún pé. Nígbà tí ó gbé e kọ́, mo dúró ní òdìkejì títì, mo fi Ọlọ́run búra pé ewé ni. Kíá ni ọkùnrin náà tún padà sípò. Ó ní tòun tilẹ̀ dára ju ti Faransé lọ, torí kò béèrè omi.

Ọjọ́ Sátidé ni Màdáàmù yẹ kí ó dé. Ó pè pé wọ́n ti sún ọkọ̀ òfuurufú síwájú, ó di ọjọ́ Túsìdeè. Ata kò mọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ Sátidé, ó ṣì tutù. Ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn kan ń pọ́n bí ọsàn. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ìhà kan ìkòkò náà ti pọ́n, Bàbá Tóbi sì yí ìhà tútù sí ojú títì. Ní òwúrọ̀ Túsìdeè, bí Màdáàmù Marlène àti Bùkọ́lá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, atẹ́gùn òkun fẹ́, ìkòkò yí padà, ó sì pupa yòò.

Màdáàmù dúró. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Tóbi, kí ló ṣe ewé mi?"

"Ó gbó ni. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó máa ń pọ́n."

Ó já ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi ahọ́n kàn án. Omi jáde lójú rẹ̀. "Ó ta bí ata," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n," ni Bàbá Tóbi dáhùn.

Màdáàmù yí padà sí ọkọ̀. Kò bínú, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti tán. Bùkọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà náà ni Tóbi, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, kọjá níwájú bàbá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ìyá mi, ata ni. Ewé yín ti kú. Bàbá mi pín in fún àwọn tí ara ń ro, kò lè fi dù wọ́n. Ẹ máa bínú sí wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi Bùkọ́lá jìyà rẹ̀."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Màdáàmù dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì títì. Búrẹ́mọ̀ àti Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ ló ń fa agolo mílíìkì kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọkọ ní òun fẹ́ fi agolo náà kó nọ́ọ̀tì alùpùpù, ìyàwó ní oògùn ìbàdí òun ló wà nínú rẹ̀. Ewé ẹlẹ́ja sì ń wọ́ jáde létí agolo yẹn, ó tutù, ó sanra, gbogbo ẹja rẹ̀ pé pẹ̀lú lẹbẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn náà tò lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sì gba okùn kan, ṣùgbọ́n ìjà dé kí wọ́n tó sọdá títì, lórí ẹni tó máa gún un. Nàfísátù wá fi ewé náà sínú iyanrìn kí ó má baà rọ títí wọn yóò fi tún ka ọjọ́ méje. Wọ́n máa ń ka dé ọjọ́ mẹ́fà. Ní ti omi, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ẹnì kejì ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bu omi sí i. Bí àwọn tó rẹ́ ti fi ewé tiwọn pa ìbàdí tán, ti àwọn oníjà nìkan ló ń dàgbà.

Màdáàmù Marlène sọdá títì láì wo ọ̀tún tàbí òsì, àwọn zémí sì dúró fún un. Ó gba agolo náà, ó bi wọ́n pé ta ló tọ́jú rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹjọ́ ni. Búrẹ́mọ̀ nàka sí Nàfísátù, Nàfísátù nàka sí Búrẹ́mọ̀. Màdáàmù jókòó sórí àga alùpùpù kan tí kò ní táyà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ohun ìdána dé láti ilé ìyàwó, Àìná sì ní kí n kà á sókè. Iṣu wà níbẹ̀, iyọ̀ wà, oyin, aṣọ, Bíbélì. Bàbá Tóbi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ìlà ìkẹyìn ni Màdáàmù fi gègé pupa fa ìlà sí: "Ewé ẹlẹ́ja kan, kí ó gùn tó apá kan kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Búrẹ́mọ̀ àti Nàfísátù ni kí ó máa tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bàbá ọkọ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ."

Ìṣòro kan ló kù. Bí tọkọtaya yẹn bá rẹ́, Nàfísátù máa ń rántí omi. Lánàá mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ilé wọn, mo sì rí Bàbá Tóbi tó ń sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó dúró síbẹ̀, ó sì pariwo wọlé pé, "Búrẹ́mọ̀, nínú ọbẹ̀ Nàfísátù àti ti ìyá rẹ, èwo ló dùn jù?"

Ewé náà ti dé ìgúnpá báyìí. A ti mú ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí ìjà wọn kò bá sì tán.